Ohun Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Fọ́wáàdì Workington

Kí n tó dé Workington, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rọ́gíbì kò ju pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ṣe roboto, àti pé àwọn tó ń gbá a máa ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni mí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni mo jẹ́ nílé, nílé ẹ̀kọ́ girama. Iṣẹ́ kẹ́à ni mo bá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí iṣẹ́ gbé mi lọ ni etíkun Cumbria, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn pátápátá, níbi tí odò Derwent ti ń wọ inú òkun. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré. Ìlú èédú àti irin ni látọjọ́ pípẹ́. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń rọ níbẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé, títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé ní 2006.

Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí o bá fẹ́ kí àgbàlagbà kan dá ọ lóhùn gidi, má bèèrè bí ara ṣe rí. Bèèrè nípa Town. Workington Town ni wọ́n ń gé kúrú bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ rugby league ìlú náà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì pé ọdún mẹ́wàá tó fi gba ife méjèèjì tó ga jù: ti líìgì ní 1951, ti Challenge Cup ní Wembley ní 1952, ọjọ́ tí wọ́n na Featherstone Rovers 18 sí 10. Gus Risman, ọmọ Wales, ni balógun wọn, òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì sì ni lórí pápá lọ́jọ́ náà. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn ló di arúgbó tí à ń wẹ̀ fún. Mo rí ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ tó wá kí i mọ́, tó sì ń ka orúkọ àwọn mẹ́tàlá tó lọ sí Wembley láìfo ẹnì kankan.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé. Rọ́gíbì méjì ló wà: union àti league. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1895, ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá ya kúrò lára àwọn yòókù; eré tiwọn ló di league. Owó ló dá a sílẹ̀. Awakùsà ni agbábọ́ọ̀lù wọn, àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, àti alábàárù èbúté. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ àríwá ní kí a san án dípò fún wọn. Àwọn ọ̀gá eré ní gúúsù kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti gba kọ́bọ̀ kì í ṣe ọmọlúwàbí eré mọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti gba owó ní league, kò gbọdọ̀ tún fẹsẹ̀ kan pápá rugby union títí ayé rẹ̀; 1995 ni òfin yẹn tó kúrò nílẹ̀. League sọ agbábọ́ọ̀lù di mẹ́tàlá dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1906. Nínú mẹ́tàlá, mẹ́fà ni fọ́wáàdì: mẹ́ta ní ìlà iwájú, méjì ní ìlà kejì, ẹyọ kan nídìí gbogbo wọn. Méje tó kù ló ń sáré tí ìlú ń pariwo fún.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ fọ́wáàdì nígbà èwe wọn. Wọn kì í ṣe gbajúmọ̀ o. Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ti gbá jù, pẹ̀lú àwọn tó ń retí kí ẹnì kan fara pa lókè kí wọ́n tó lè pè wọ́n. Wọ́n ti kọjá ọgọ́rin dáadáa nígbà tí mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn bí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ṣe ń pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Bàbá" ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ, ìgbà tó tún yá, wọ́n ń bínú tí mo bá pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Etí òsì wọn wú, ó le gbandi, ihò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, nítorí náà etí ọ̀tún la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìka wọn méjì kò nà tán. Mo rò pé iná ló jó etí náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní scrum ni, ìyẹn ibi tí àwọn fọ́wáàdì ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń so mọ́ra, tí wọ́n ń ti ara wọn láti gba bọ́ọ̀lù.

Lóru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò wá, wọ́n fi èmi fúnra mi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sọ apá ọ̀tún kọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n fi tòsì di aṣọ iṣẹ́ mi mú lábẹ́ abíyá. Agbára tó kù nínú ọwọ́ náà yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ti orí rẹ bọ àárín ìbàdí àwọn méjì tó wà níwájú rẹ. Itan wọn ń ha ọ́ létí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń tì ọ́, àwọn mẹ́fà ti ìhà kejì ń tì ọ́ padà. Ẹrẹ̀ ti mu yín dé kókósẹ̀. O ò rí bọ́ọ̀lù, o ò rí ẹnikẹ́ni, koríko nìkan lò ń wò. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí o bá dẹwọ́, gbogbo yín lẹ ó wó lulẹ̀." Mo bi wọ́n pé báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe máa ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti jáde. Wọ́n ní etí ni. Ariwo òǹwòran ló ń sọ fún fọ́wáàdì pé bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ àwọn asáré, pé kó gbé orí jáde kó máa bá wọn lọ.

Wọ́n tún sọ fún mi pé scrum ìgbà yẹn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ara lérí lásán lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí. Ìjà ni. Ẹni àárín ìlà iwájú máa ń fi ẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, àwọn méjì tó gbé e dání lọ́tùn-ún lósì ń gbé e fì, àwọn méjì ìlà kejì ló ni agbára tó ń ti gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lónìí lọ, torí kò sí iye ìgbà tí wọ́n lè gbé ọ ṣánlẹ̀ kí o tó fi í sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè di í mú fún ìṣẹ́jú púpọ̀: kí fọ́wáàdì kan gbé e wọ àárín ọ̀tá, kí wọ́n dá a dúbúlẹ̀, kó dìde, kó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí fọ́wáàdì kejì tún gbé e. Ní 1966 ni wọ́n fi òdiwọ̀n ìgbà mẹ́rin sí i, tó wá di mẹ́fà ní 1972. Àwọn kan ní òfin àtijọ́ yẹn sú òǹwòran. Ó ṣeé ṣe. Èmi tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, ohun tó wà lọ́kàn mi ni iye ìgbà tí èèyàn kan ṣoṣo máa dìde nílẹ̀ láàárín ọgọ́rin ìṣẹ́jú, tí kò sì ní sí ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ni ìwé ìròyìn ń kọ.

Láti òru yẹn ni Bàbá ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi sọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde, pẹ̀lú fídíò àti ìwé tí a fọwọ́ sí. Bàbá wo bí mo ṣe ń ran ẹnìkejì wọn lọ́wọ́ kúrò lórí àga, wọ́n mi orí. "Ìdí nílẹ̀, ẹ̀yìn gbọọrọ, ojú sókè, kí agbára ti itan wá." Bí wọ́n ṣe ń wọ scrum nìyẹn. Fídíò náà sọ ohun tó jọ ọ́, àmọ́ kò sọ ohun tó máa ná ọ tí o kò bá ṣe é. Bàbá sọ ọ́: ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ itan, ilé ni yóò wà, owó kankan kò sì ní wọlé. Wọ́n tún kọ́ mi pé kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí ẹsẹ̀ mi ti dúró ná. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí nígbà tí ẹrù ti dé lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dè bẹ́líìtì ìbàdí.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni ọ̀rọ̀ owó, torí ìwé tí mo kà nìyẹn. Inú ihò èédú ni Bàbá wà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ ṣe ìdánrawò, pẹ̀lú eruku èédú lójú. Bí ẹgbẹ́ bá jáwé olúborí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, owó wà. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, owó tó kéré gan-an ni wọn yóò gbà fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú kan náà. Gbogbo líìgì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ìyàwó àwọn kì í bèèrè iye tí wọ́n gbá: bí àwọn bá ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún wọlé, ó ti yé e. Ìwé tí agbábọ́ọ̀lù bá fọwọ́ sí, kò ní òpin. Ẹgbẹ́ ló ni ín, àfi tí wọ́n bá fẹ́ tà á. Ìgbà kan ṣoṣo tí owó gidi ń kan ọwọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń fi owó ọjọ́ yẹn ra ilé tàbí kí wọ́n fi ṣòwò. Àwọn tí kò gbọ́n rà á mu.

A jiyàn nípa Alan Prescott. Ìtàn rẹ̀ gbajúmọ̀ ní àríwá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Widnes ni, St Helens ló gbá fún, ìlà iwájú ni ipò rẹ̀, òun sì ni balógun Great Britain tó lọ sí Ọsirélíà ní 1958. Wọ́n ti nà wọ́n 25 sí 8 nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní Sydney. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, ní Brisbane, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún Prescott ṣẹ́. Kò sí ààrọ̀ nígbà yẹn, ìyẹn ẹni tó máa wọlé rọ́pò ẹni tó fara pa. Ẹni tó bá jáde ti jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bá a lọ láìpé. 1964 ni òfin tó fàyè gba ààrọ̀ fún ẹni tó fara pa. David Bolton ti jáde nítorí egungun èjìká tó ṣẹ́, àwọn mìíràn náà ti fara pa. Prescott gbá eré náà tán pẹ̀lú apá tó ń fì dirodiro, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá èèyàn mú. Wọ́n borí, 25 sí 18. Wọ́n tún borí nínú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, 40 sí 17, wọ́n sì gba ife. Òun kò sí níbẹ̀, kò sì tún wọ aṣọ Great Britain mọ́ láti ọjọ́ Brisbane yẹn.

Gbogbo ẹni tó bá sọ ìtàn yìí ló ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìgboyà. Bàbá ní òmùgọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn bọ̀wọ̀ fún un, àwọn ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n pé ojú wọn ti là báyìí: ẹni tó yẹ kí ìtìjú bá ni ẹni tó ṣe òfin tí kò fi ààrọ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ ta kò wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ronú sí àwọn òṣìṣẹ́ wa tó ń wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ibà torí pé ọjọ́ tí o kò bá wá, kò sówó, àti bí ọ̀gá ṣe ń yìn wọ́n níwájú gbogbo wa. Mo gbà fún Bàbá.

Ọ̀rọ̀ owó yìí náà ló mú orúkọ Cec Thompson wá. Bàbá ní, "Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn yín gbá fún Town." Mo ní ọmọ Nàìjíríà ni? Wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ni, pé ó máa ń nu fèrèsé káàkiri ìlú. Mo lọ wá ìtàn rẹ̀. Durham ni wọ́n bí i ní 1926. Ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, bàbá rẹ̀ ti Trinidad wá, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí i. Agbára ìyá rẹ̀ kò ká ọmọ, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ìwé díẹ̀ ló mọ̀, ó sì di alágbàṣe. Ní Leeds ni rọ́gíbì ti bá a, láti inú eré àwọn òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ Hunslet mú un ní 1948. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wọ aṣọ Great Britain pẹ̀lú New Zealand. Ìlà kejì ni ipò rẹ̀, ìyẹn ibi tí Bàbá ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ létí bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí mo dúró sí nínú ìtàn náà nìyẹn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí rugby league mọ̀ láyé ìgbà yẹn, asáré ló pọ̀ jù nínú wọn: Roy Francis, Billy Boston, Johnny Freeman. Ẹsẹ̀ yíyá ni wọ́n ń wá lára wọn, etí pápá ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Thompson wà ní àárín gbùngbùn, níbi tí orí àti ọwọ́ àwọn funfun méjì gbọ́dọ̀ gbára lé èjìká rẹ̀. N kò sọ pé ìyẹn pa ẹ̀tanú. Kò pa á. Roy Francis, tó jẹ́ asáré tó pegedé, ni wọ́n fi sílẹ̀ nílé nígbà tí ẹgbẹ́ lọ sí Ọsirélíà ní 1946, torí òfin àwọ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Francis kan náà ló wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Hull, ó sì fi wọ́n gba líìgì ní 1956 àti 1958. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà ní àṣekágbá 1958 ni Workington, 20 sí 3, ní oṣù karùn-ún kan náà tí Wigan ti nà wọ́n 13 sí 9 ní Wembley. Bàbá kì í fẹ́ kí a mẹ́nu ba oṣù yẹn rárá.

Èmi náà rí tèmi. Ìyá arúgbó kan ní òun kò fẹ́ ọwọ́ dúdú lára òun. A máa ń pàrọ̀ iṣẹ́ kí òun má baà rí mi. Ọjọ́ kan tó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, èmi nìkan ló wà nítòsí; ìdí nílẹ̀, ẹ̀yìn gbọọrọ, mo gbé e. Kò dúpẹ́, kò sì bú mi. Ní ọjọ́ kejì ó tún ní òun kò fẹ́ mi. Mo ń sọ eléyìí torí àwọn ìtàn tí a máa ń kà lórí fóònù, níbi tí ẹni burúkú ti ń ronú pìwà dà ní ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́.

Ní 1953 ni Thompson kó wá sí Workington. Bọ́ọ̀lù nìkan kò lè bọ́ ilé, ó gbé àkàbà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu fèrèsé. Iṣẹ́ náà gbèrú di òwò tó gba àwọn mìíràn síṣẹ́. Ronú sí i: agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè lórí àkàbà ní ọjọ́ Ajé, tó ń nu fèrèsé àwọn tó pariwo lé e lórí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá ní ìyá àwọn wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, àti pé fèrèsé ilé àwọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí di 1960, ó ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Barrow fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí ìtàn agbábọ́ọ̀lù púpọ̀ máa ń parí sí nìyẹn: ọtí, ìrora orúnkún, fọ́tò lára ògiri.

Thompson lọ síwèé. Ẹni tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kọjá, ó wọ Yunifásítì Leeds, ó ka ètò ọrọ̀ ajé, ó sì ti lé lógójì nígbà tó gba oyè ní 1968. Ìwé tèmi gan-an ni! Nígbà tó wà níbẹ̀ ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá rugby league sílẹ̀ láàárín àwọn yunifásítì ní 1967. Ẹ rántí òfin union tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbo union ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbá league ń fi orúkọ rẹ̀ wewu. Àwọn ọmọ awakùsà tó bá wọ yunifásítì ń fi eré bàbá wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́wáàdì kan tó ti tó bàbá wọn ló ṣí ilẹ̀kùn náà fún wọn. Eré náà wà ní yunifásítì títí dòní. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Chesterfield, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2011.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo ka ìpínrọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Òun ti orí àkàbà dé iwájú pátákó. Èmi ti iwájú pátákó dé ibi tí à ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí arúgbó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé máa ń bi mí bóyá ojú kò tì mí pé olùkọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ojú kò tì mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó iṣẹ́ náà ra ohun tí kò ní mú mi kúrò nínú rẹ̀: fóònù tuntun, aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ tí n kò ní bá wọn lọ. Thompson nu fèrèsé, ó sì fi ra ara rẹ̀ jáde. Mo ṣírò iye tí yóò ná mi kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí Nàìjíríà mi, kí n sì gba ti olùkọ́ níbí. Mo kọ iye náà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà nínú yàrá mi, mo sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Bàbá máa ń bèèrè iye tó kù bí ẹni ń bèèrè ayò. Bí mo bá ní ó kù púpọ̀, wọ́n á ní, "Títì ló kù. Ẹ ò tíì jáde."

Wọn kì í yìn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ fi fọ́nrán àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn wọ́n, ti 2019 ní Èkó, nígbà tí ẹgbẹ́ rugby league wa na Morocco 38 sí 10, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn. Inú mi ń dùn, mo ń retí ìyìn. Bàbá fi ojú kan wo fóònù náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní àwọn fọ́wáàdì wa ga jù nínú scrum.

Mo ti ń kọ́ni báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lancashire. Tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àti bí agbanisíṣẹ́ ṣe ń so owó mọ́ àbájáde, àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ni owó ìborí àti owó ìfìdírẹmi ti rugby league ayé àtijọ́. Àwọn ọmọ náà mọ eré náà, bàbá àgbà àwọn mìíràn nínú wọn gbá a. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀: pé owó ìborí ń mú kí èèyàn tiraka. Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Sà, ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi, ṣé kì í ṣe àwọn fọ́wáàdì wọn ló ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ jù? Torí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "A jẹ́ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n san owó kékeré fún." Kíláàsì dákẹ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn dá a lóhùn pé kò burú, ìyẹn ni yóò mú kí wọ́n tiraka kí wọ́n lè borí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ yíjú sẹ́yìn wò ó.

"Pẹ̀lú agbára wo?"